Orúnkún Méjèèjì fún Alága

Ẹ má bá mi jiyàn, ní gbogbo Peckham nílùú òyìnbó yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìdọ́gba tó Olóyè Jabez Ọláògún, Alága Ẹgbẹ́ Ìdọ́gba. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbé tìmùtìmù méjì sórí àga tirẹ̀, nígbà tí àwa yòókù ń jókòó lórí àga oníke lásán. Ẹni tó bá máa rí ìrẹ́jẹ lókèèrè, ó ní, ó gbọ́dọ̀ jókòó sókè. A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, èmi náà ni mo dáwọ́ dúró kẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń ta mí títí di ọjọ́ kejì.

Làtíìfù lorúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní awakọ̀ lásán, mo lóyè. Alága fúnra rẹ̀ ló fi mí jẹ Olórí Àdúrà Ìparí. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló pọ̀ mọ́ra nínú ẹgbẹ́ wa, Alága sì ti là á sílẹ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni yóò máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, Mùsùlùmí ni yóò máa fi àdúrà parí rẹ̀. Ẹ wo ìdọ́gba bó ṣe gún régé! Mo lọ sílé, mo sọ fún ìyàwó mi, mo sì ra fìlà tuntun.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìpàdé wa kì í parí. Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn Rye Lane la máa ń háyà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lóṣooṣù, tó bá sì ti di aago mẹ́fà, àwọn oníjó Kòlóńbíà ló kàn. Alága á dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Á ní, "Ní ṣókí." Nígbà tó bá yá, á ní, "Lákòótán." Kó tó dé "lákòótán" kẹta, àwọn oníjó á ti máa yí ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn wọlé, orin á bẹ̀rẹ̀, kálukú á to àga jọ, á sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí mo ti joyè, n kò tíì parí ìpàdé kankan rí. Mo kàn tọ́jú àdúrà náà sínú bí ẹni tọ́jú aṣọ ọdún.

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn tí Alága fi gbé òfin tuntun jáde. Ó wú ikọ́, ó tún báàjì tí wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí ṣe láyà, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ń fojú di wá ní ìlú yìí. Wọ́n ń wo àwọ̀ wa, wọ́n ń wo ìbòrí wa, wọ́n ń fi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé àwa náà á wá máa fojú di ara wa? Ó tì o! Láti òní lọ, níbikíbi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti pàdé àgbà ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ ní ọsibítù, kí obìnrin fi orúnkún kan kanlẹ̀, kí ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Alága ni..." Ó wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń bọ̀. "Bó bá jẹ́ Alága ni, orúnkún méjèèjì. Ẹ̀yin ọkùnrin, gbalaja."

Kánsọ́lá, akọ̀wé wa, nawọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àgbà kì í bà á.

"Uncle, ẹ má bínú o, but ìyẹn ò equal now. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wa la dọ́gba, kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ two knees?"

Alága rẹ́rìn-ín bíi bàbá. "Ọmọ mi, gbogbo yín lẹ dọ́gba. Ẹ dọ́gba pátápátá. Lábẹ́ mi lẹ ti dọ́gba."

Mo kígbe pé, "Alága!" Gbogbo ilé dáhùn pé, "Ìdọ́gba!" Òfin di òfin. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo pàdé rẹ̀ níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane, mo sì na gbalaja nínú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́, lórí omi ẹja. Títí tí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni èrò ń wọ bọ́ọ̀sì mi tí wọ́n ń ṣí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, nítorí ó ti kan Mìsítúrà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń ṣe: á wẹ ìyá arúgbó kan ní Kennington láàárọ̀, á fún bàbá arúgbó kan lóúnjẹ ní Walworth lọ́sàn-án, owó iṣẹ́ náà ló sì fi ń tọ́ ọmọ méjì. Ó wá sí ìpàdé wa lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú Alága, ó ní wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun láìṣẹ̀ láìrò, àti pé ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba òun sílẹ̀.

Alága kò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ńlá ni," ló wí. "Kánsọ́lá, kọ ọ́ sábẹ́ Ọ̀rọ̀ Mìíràn."

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, Ọ̀rọ̀ Mìíràn ni apá ìpàdé tó ṣáájú àdúrà mi. Ẹ sì ti mọ ibi tí àdúrà mi wà. Lọ́jọ́ náà, Alága sọ̀rọ̀ lórí ìwà ìkà àwọn tí kì í tẹ́tí sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó sọ ọ́ títí orin Kòlóńbíà fi bò ó mọ́lẹ̀. Mìsítúrà ṣì jókòó síbẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun.

Kò káwọ́ gbera. Ó fóònù Alága, Alága ní ètò ni ètò. Ó lọ bá a nílé ní Walworth, ìyàwó Alága ní ọkọ òun ń sùn, Alága fúnra rẹ̀ sì ń ké láti inú pálọ̀ pé lóòótọ́ ni, òun ń sùn. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn mọ́, ó dúró dè mí ní ibùdókọ̀.

"Bùọ̀dá Làtíìfù, mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń lọ. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tiyín máa wọ̀ wọ́n létí."

"Aunty Mìsítúrà, ẹ ní sùúrù. Tí wọ́n bá ti dé Ọ̀rọ̀ Mìíràn, tiyín ló kàn, kó tó kan tèmi."

Ẹ gbọ́ ẹnu mi bí? N kò tilẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi tí wọ́n ti ń fi àdúrà dù láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni mò ń kọ́ ẹlòmíràn ní sùúrù! Oyè mi ni mò ń ṣọ́. Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò, kì í lè sọ òdodo mọ́.

Ibi iṣẹ́ Mìsítúrà fi ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni ọjọ́ ńlá Alága. Ọ́fíìsì kan fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹgbẹ́ tó bá ń gbèjà àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lọ́lá, wọ́n sì rán ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Zoe kó wá wò wá. Alága lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irun orí rẹ̀, tó funfun báláú ní oṣù tó kọjá, ti dúdú kirikiri. A ní iṣẹ́ Olúwa ni.

Èmi ni mo fi oríkì mú Alága wọlé. Mo ní, "Alága tí ìrẹ́jẹ rí tó sá gba Bermondsey lọ! Alága tí ẹ̀tanú gbóhùn rẹ̀ tó dákú! Bí kì í bá ṣe ọlá yín ni, ta ni ìbá mọ̀ pé a dọ́gba?" Alága mi orí. Zoe bi Kánsọ́lá pé kí ni mo sọ, Kánsọ́lá sì ní mo kí wọn káàbọ̀ ni.

Ni Zoe bá béèrè bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń ṣe dọ́gbadọ́gba láàárín ẹlẹ́sìn méjèèjì. Alága na ìka sókè.

"Kánsọ́lá, sọ fún un pé Kìrìsìtẹ́nì ló ń bẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí ló ń parí. Sọ fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ìparí lọ, ìparí kò ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi!"

Kánsọ́lá sọ ọ́, Zoe kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Kánsọ́lá kò jókòó.

"Uncle, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ bákan náà ni, ẹ jẹ́ ká start láti ìparí lónìí. Àdúrà Uncle Làtíìfù first, then Ọ̀rọ̀ Mìíràn, kí speech tiyín wá kẹ́yìn. Ó ṣáà dọ́gba, àbí?"

Alága wo Zoe. Zoe gbé bírò sókè, ó ń retí.

"Ó... dọ́gba," ni Alága wí, bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó bá pẹ́ jù nínú àpótí, kòkòrò á ti wọ̀ ọ́. Àdúrà náà jáde bí mo ṣe kó o pamọ́. Mo bẹ Ọlọ́run kó wo ọkùnrin kan sàn, ọkùnrin náà sì ti dolóògbé tipẹ́. Mo ní kí ọmọ Bùọ̀dá Wándé yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́, ọmọ náà rèé níwájú mi, ó ti di lọ́yà, ó gbé ọmọ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣáà ṣe àmín.

Mìsítúrà wá dìde. Ó fa ìbòrí rẹ̀ bọ iwájú orí dáadáa.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ìtajà kan ní Rye Lane ni mo wọ̀, mo fẹ́ ra ọṣẹ àti ìpara fún ìyá tí mò ń tọ́jú. A pọ̀ lórí ìlà. Nínú gbogbo wa, èmi tí mo wọ hijáàbù nìkan ni sikiọ́rítì rí. Ó ní mo fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó da báàgì mi sílẹ̀, gbogbo ẹ̀, oògùn ìyá arúgbó, aṣọ ìlédìí wọn, tẹ̀sùbáà mi. Kò rí nǹkan kan. Ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí àgbà wa kan lórí ìlà. Mo ní há, Ọlọ́run ti rán ẹni tèmi sí mi. Mo kí wọn. Mo kúnlẹ̀."

Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kíkúnlẹ̀ yẹn ló bà mí jẹ́. Sikiọ́rítì rí báàjì iṣẹ́ mi, ni wọ́n bá kọ̀wé sí ẹ́jẹ́ńsì tó gbà mí síṣẹ́ pé mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa kúnlẹ̀ tí kò bá jalè? Lọ́la ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ mi ní ọ́fíìsì ẹ́jẹ́ńsì ní Bermondsey. Tí kò bá sí ẹni tó máa sọ pé òun ni mò ń kí, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ta ló máa jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ti pè lólè tún wọ yàrá arúgbó?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Inú mi bà jẹ́. Mo rántí ibùdókọ̀ tó ti dúró dè mí, ó sì ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ àga.

Zoe béèrè pé ta ni àgbà náà. Kánsọ́lá túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n wà nínú ilé yìí," ni Mìsítúrà dáhùn. "Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, mi ò lè dárúkọ wọn ní gbangba. Àwọn fúnra wọn mọ̀."

Alága fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Ọ̀rọ̀ ńlá! Ọ̀rọ̀ ńlá ni! Ẹ jẹ́ ká yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí rẹ̀. Èmi ni n ó ṣe alága ìgbìmọ̀."

"Aunty, question kan péré," ni Kánsọ́lá wí. "Ìgbà tẹ́ ẹ kí àgbà yẹn, ṣé one knee ni àbí méjèèjì?"

"Méjèèjì ni," ni Mìsítúrà wí. "Òfin ṣáà ni."

Ẹ wá wo ilé. Láti ẹ̀yìn dé iwájú, orí ń yí, àga oníke ń han. Gbogbo orí yí sí orí tìmùtìmù méjì. Ọrùn tèmi gan-an, tí kò mọ̀ ju kó máa mì sókè sódò lọ, yí pẹ̀lú wọn.

Alága fò dìde. "Èmi kọ́! Mi ò rí nǹkan kan! Oògùn ikọ́ ni mo kọjú sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin!"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn ikọ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ẹ bi mí, nítorí ẹni tó bá ti pàtẹ́wọ́ fún èèyàn tó bí mo ṣe pàtẹ́wọ́, kò sí kọ̀rọ̀ inú onítọ̀hún tí kò mọ̀. Páálí aró tí wọ́n fi ń pa irun láró ló dì mú, torí fọ́tò àmì ẹ̀yẹ. Báàjì wà láyà rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá dá obìnrin náà lóhùn, gbogbo ojú á kúrò lára rẹ̀, á wá sára òun, wọ́n á rí aró, wọ́n á sì ní olè ti di méjì. Ló bá kọjú sí ìgò oògùn ikọ́, ó ń kà á bí ẹni ka Bíbélì, títí wọ́n fi mú Mìsítúrà jáde. Irun dúdú tí a ń yìn lógo, inú páálí yẹn ló ti wá.

"Ó ku ọ̀rọ̀ mi!" ni Alága ń ké. "Ó wà nínú ètò! Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ṣókí..."

Aago mẹ́fà lù. Àwọn oníjó yí ẹ̀rọ wọn wọlé, orin sọ. Ẹnu Alága ń ṣí, ó ń pa dé, ọwọ́ rẹ̀ ń jù, a kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin Kòlóńbíà kan rò pé ijó ló ń jó, ó fà á lọ́wọ́. Zoe dé bírò rẹ̀. Ẹnu mi sì ti yà tán láti kígbe "Alága!", ìṣe kì í tètè fi èèyàn sílẹ̀. Mo fọwọ́ bò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, a tẹ̀lé Mìsítúrà lọ sí Bermondsey. A pọ̀ débi pé a fara ti ògiri nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n kí ni èrò fẹ́ ṣe? Kò sí ẹni tó wà nílé ìtajà náà nínú wa. Ọ̀gá ẹ́jẹ́ńsì wo aago. Mìsítúrà ń wo ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí, Jabez Ọláògún wọlé. Kò sí báàjì, kò sí fìlà. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde, pé ó ní òun kò ní bá a purọ́ oorun mọ́.

"Èmi ló ń kí," ló wí. Kánsọ́lá túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò gbà. Ó ní báwo ni obìnrin tó ti dàgbà ṣe máa kúnlẹ̀ nílẹ̀ ilé ìtajà nítorí ìkíni lásán?

Alága na ìka sókè. "Ní ṣókí," ló bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ó wò wá, ó wo Mìsítúrà, ìka náà sì wálẹ̀. Ló bá dojú kọ Mìsítúrà, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ó na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú kóòtù.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mìsítúrà," ló wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi "ẹ" kí i ni.

Ọ̀gá náà dìde lórí àga. Ó ní ṣé ìkíni nìyẹn lóòótọ́?

"Ti obìnrin yìí, ìkíni ni," ni Alága wí nílẹ̀ níbẹ̀. "Tèmi yìí, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀, mo rí i, ó pè mí, mo kọjú sí ògiri. Ẹni tó yẹ kó jẹ́wọ́ nìyí."

A rò pé Mìsítúrà á tètè ní kó dìde, bí ọmọlúàbí ṣe máa ń ṣe fún àgbà. Kò tètè sọ ọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìbòrí nù ún.

"Ẹ dìde, sà," ló wá wí. "Ilẹ̀ tutù."

Orúnkún Alága kọ̀. Èmi àti Kánsọ́lá la gbé e, mo sì rí ìdí irun orí rẹ̀ tó ti ń funfun padà.

Mìsítúrà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Àmì ẹ̀yẹ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àwọn oníjó Kòlóńbíà ni wọ́n fún. Zoe ní ẹgbẹ́ tó bá lè fara da àwa lóṣooṣù láìbínú, kò sí ẹ̀yà tí kò lè bá gbé. A fi Kánsọ́lá ṣe alága, ó fagi lé òfin orúnkún, ó sì kó tìmùtìmù méjèèjì fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn jù nínú wa. Jabez ṣì ń wá sípàdé. Bó bá ní ọ̀rọ̀, Ọ̀rọ̀ Mìíràn la máa ń kọ ọ́ sí, a sì ń dé ibẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n Mìsítúrà kò lè wọ ilé ìtajà yẹn mọ́. Ó ní bí òun bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òun á kọ̀. Nígbà tí ìyá arúgbó tún fẹ́ ìpara, a ní a ó bá a lọ, kì í ṣe láti sọ̀rọ̀, kì í ṣe láti jà, a kàn fẹ́ dúró tì í lórí ìlà. Ó wà níwájú, àwa wà lẹ́yìn rẹ̀, Jabez pàápàá gbá oògùn ikọ́ mú, ó lóun fẹ́ rà á lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Sikiọ́rítì ń wò wá. Àyà mi kún fún ìgbéraga. Mo ní nínú mi pé, "Làtíìfù, o ti di èèyàn tó ń gbèjà èèyàn."

Kánsọ́lá wọlé lẹ́yìn wa, ó ti pẹ́ dé. Alága wa tuntun! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ti kan ilẹ̀, àyà mi ń lọ síbẹ̀. Sikiọ́rítì gbé ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Kánsọ́lá fà mí ní kọ́là.

"Uncle Làtíìfù, ẹ dìde jàre! Wọ́n á ní ẹ ti jí nǹkan."